Àtùpà Ilé Wa: Ṣé Lóòótọ́ Ló Ti Ayé Òwò Ẹrú Wá?

Nílé wa ní Àgbádárìgì, àtùpà onírin kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé fọwọ́ kàn. Wọ́n ní àwọn Potogí ló fún baba ńlá wa láyé òwò ẹrú. Bí mo ṣe gbọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ wá bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó lóun fẹ́ rà á. Ilé dàrú. Àwọn kan ní ká tà á, àwọn kan ní ta ló ń ta irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀? Ni wọ́n bá kọjú sí mi: "Ìwọ tó o kàwé sáyẹ́ǹsì, wò ó fún wa."

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni irú epo tó ń lò. Ó ní ibi tí à ń rọ epo sí nísàlẹ̀, òwú pẹlẹbẹ, irin kékeré tí à ń yí láti fa òwú náà sókè, àti gíláàsì. Kẹrosíìnì ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún. Epo pupa ki jù, kò lè gun òwú dé òkè dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwo amọ̀ táwọn ìyá wa fi ń tan epo pupa fi máa ń tẹ́jú, kí iná lè sún mọ́ epo.

Kẹrosíìnì náà ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Lẹ́yìn 1850 ló tó di ọjà, 1859 sì ni wọ́n gbẹ́ kànga epo rọ̀bì tó lókìkí ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, tí epo fi wá pọ̀. Ẹ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ níbí ní Àgbádárìgì, tí wọ́n parí ní 1845: àwọn míṣọ́nnárì tó kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀ ò rí kẹrosíìnì tàn. Nígbà tí epo yìí fi máa dé etíkun wa, òwò ẹrú lórí òkun ti kógbá sílé. Ìtàn ilé wa ti ń mì nìyẹn.

Mo gbé e bọ́ sínú oòrùn, mo ń wá lẹ́tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi yẹ̀pẹ̀ ha àtùpà àtijọ́ o! Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, èmi yìí ni mo fi yẹ̀pẹ̀ etí ọ̀sà ha á títí tó fi ń dán, lẹ́tà sì bá a lọ. GERMANY nìkan ló ṣẹ́kù.

Ohun tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kan ní 1887 ló jẹ́ kí "Made in Germany" wọ́pọ̀ lára ọjà. Jámánì wá pín sí méjì láti 1949 títí di 1990, àwọn ilé iṣẹ́ apá ìwọ̀ oòrùn sì ń kọ "W. Germany". Tó bá jẹ́ pé W wà níbi tí mo ha yẹn, àtùpà "ayé òwò ẹrú" yìí lè jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá mi!

Wọ́n kọ Feuerhand, orúkọ ilé iṣẹ́ Jámánì kan, sára gíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n gíláàsì kì í ṣe ẹlẹ́rìí gidi: ó máa ń fọ́, wọ́n á sì ra òmíràn sí i. (Tẹ́ ẹ bá rí 1840 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Dietz, ọdún tí ilé iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ ní New York nìyẹn, kì í ṣe ọdún àtùpà.)

Ìgbà tí mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú òróró rọra nu ìpẹtà orí rẹ̀, níbi tí yẹ̀pẹ̀ mi ò dé, ni mo rí i: D.R.G.M. Àmì ìforúkọsílẹ̀ ọjà ní Jámánì ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1891. R yẹn dúró fún Reich, ìjọba tó wó ní 1945. Àtùpà wa ò lè ṣáájú 1891, ó sì ṣòro kó jẹ́ ti ẹ̀yìn ogun.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò sọ̀rọ̀. Àbúrò ìyá àgbà, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ló dáhùn láti orí ẹní rẹ̀: "Ìyá wa ló rà á. Ó fi ń ta ẹja lálẹ́." Ṣé kò lè sọ ọ́ látijọ́ yìí ni? "Ta ló bi mí?"

Mo wá bi í: kí ni wọ́n ń tàn kí ìyá wọn tó rà á? Ó nawọ́ sí àgbàlá, sí àwo amọ̀ kékeré tí adìẹ ń mu omi nínú rẹ̀. Etí rẹ̀ kan dúdú kirikiri, epo ti mu wọ inú amọ̀. Ìyá ìyá wọn ló ni ín, ó ní.

Kò sí lẹ́tà lára amọ̀, àmọ́ òun náà ní aago tirẹ̀. Ìtànṣán díẹ̀díẹ̀ láti inú ilẹ̀ àti inú amọ̀ fúnra rẹ̀ ń kó agbára pa mọ́ sínú àwọn hóró yanrìn inú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí wọ́n sun ún nínú iná ni agbára àtẹ̀yìnwá pa rẹ́, tí kíkà tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Tí wọ́n bá bu bíńtín nínú rẹ̀, tí wọ́n mú un gbóná ní yàrá ìwádìí, á tan ìmọ́lẹ̀ fírífírí. Bí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń ṣírò iye ọdún, kì í kàn án ṣe ọdún kan pàtó.

Ọkùnrin tó fẹ́ ra àtùpà ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kò tiẹ̀ wò ó. Mo ti gbé e wọlé báyìí, mi ò fọ̀ ọ́. Abọ́ ike ni àwọn adìẹ fi ń mu omi.