Ẹfinrin Ajogún-Méjì: Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Ìmọ̀ Ewéko

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wá ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hybrid, ìyẹn ewéko tí òbí rẹ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra, ìbáà jẹ́ ẹ̀yà méjì tàbí oríṣi méjì nínú ẹ̀yà kan. Àpẹẹrẹ wa ni ẹfinrin ọgbà kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbìn fún ẹwà, tí wọ́n ń pè ní African Blue.

Kí olùkọ́ ní Òkìtìpupa tó dárúkọ ewéko àjèjì yìí, ẹfinrin ẹ̀yìnkùlé ni kí ó kọ́kọ́ mú wọ kíláàsì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fọwọ́ kan ọ̀pá rẹ̀, yóò rí i pé onígun mẹ́rin ni; ewé rẹ̀ ń yọ ní méjì-méjì, wọ́n dojú kọ ara wọn; òdòdó rẹ̀ sì là bí ètè. Àpapọ̀ àmì wọ̀nyí ni a fi ń dá ẹbí Lamiaceae mọ̀. Mint ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ẹbí náà lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹfinrin ni ọmọ Ìkálẹ̀ mọ̀. Nítorí náà, ‘ẹbí ẹfinrin’ ni ó tọ́ kí a máa pè é.

African Blue hù ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Òbí rẹ̀ kan ni Ocimum kilimandscharicum ti ìlà-oòrùn Áfíríkà, tí ó ń rùn bíi kàfúrà. Èkejì ni oríṣi Ocimum basilicum kan tí ó ní àwọ̀ elésè-àlùkò. Ó jogún òórùn lọ́dọ̀ ọ̀kan, ó jogún àwọ̀ lọ́dọ̀ èkejì. Ewéko ọlọ́dún-púpọ̀ ni, bí òtútù kò bá pa á, ṣùgbọ́n ó yàgàn. Ẹ̀ka rẹ̀ ni a ń gé gbìn, bí a ti ń gé igi ẹ̀gẹ́.

Ẹnìkan lè dábàá ‘àdàlù’. Kò bá a mu. Nínú àwo àdàlù, ẹ̀wà ṣì jẹ́ ẹ̀wà, àgbàdo ṣì jẹ́ àgbàdo; ó ṣeé ṣà lọ́tọ̀. Kò sí ewé African Blue kan tí a lè ṣà sọ́tọ̀ pé ti òbí kan ṣoṣo ni. ‘Àmúlùmálà’ ní tirẹ̀ ní ẹ̀gàn nínú. Ohun tí àwa dábàá ni ‘ajogún-méjì’. Kí a kíyè sí ohùn òkè tí ó wà ní ìparí ‘ajogún’, nítorí ‘ajogun’ ni ọ̀tá ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn ìwé lásán, nítorí ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ajogún-méjì ni ọ̀pẹ tenera: dura, tí èèpo ekùrọ́ rẹ̀ nípọn, ni òbí rẹ̀ kan, pisifera, tí kò ní èèpo, ni èkejì. Bí tenera àti tenera bá bímọ, nínú mẹ́rin ní ìṣirò, méjì yóò jẹ́ tenera, ọ̀kan dura, ọ̀kan pisifera, èyí tí ó sábà máa ń yàgàn. Ogún tí ó para pọ̀ lára òbí tún pín lára ọmọ. Àgbẹ̀ tí ó ṣa èso ìdí ọ̀pẹ rẹ̀ gbìn lè lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó mọ̀ pé òun ti pàdánù. Ìdí nìyí tí NIFOR, ilé-ìṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tí a dá sílẹ̀ nítòsí ìlú Bìní ní 1939, fi ń mú dura àti pisifera gan-an bímọ kí ó tó fún àgbẹ̀ ní èso gbígbìn.

Ní ìparí, a rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀ kí ẹ dán ọ̀rọ̀ yìí wò nínú kíláàsì àti lóko, kí ẹ sì fi ibi tí ó bá kù díẹ̀ káàtó hàn wá.