Fífi Bátìrì Ọkọ̀ Gbọ́ Rédíò Àmúlọ́wọ́ Láìsí Ewu

Ní abúlé tí iná mànàmáná kò dé, tàbí tí ó ń dé tí ó sì ń lọ, bátìrì ọkọ̀ jẹ́ ohun tí ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ máa gbọ́ ìròyìn. Ṣùgbọ́n agbára tí ń ṣe ni lóore náà ni í pa ni lára bí a kò bá mọ bí a ti í darí rẹ̀. Bí a bá so rédíò kékeré mọ́ bátìrì ọkọ̀ ní tààrà, rédíò náà lè bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí wáyà méjèèjì bá sì kan ara wọn, ilé pàápàá lè gbiná. Nítorí náà ni a ṣe gbé ẹ̀kọ́ yìí kalẹ̀, kí ẹni tí ó mọ̀wé lè kà á sí etí ìgbọ́ ẹni tí kò mọ̀wé.

Èkíní: Ìwọ̀n Agbára Iná

Fólìtì ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí agbára tí ń ti iná jáde ti pọ̀ tó. Ẹ fi í wé omi inú àgbá tí a gbé sí orí pẹpẹ: bí àgbá náà bá ti ga tó, bẹ́ẹ̀ ni omi yóò ti fi agbára tú jáde tó. Inú bátìrì ọkọ̀ pín sí yàrá 6. Yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí fólìtì 2 wá, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 12. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ó lè gòkè tó 14.4.

Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀ kò ju fólìtì 1.5 lọ. Rédíò tí ń lo méjì ń fẹ́ fólìtì 3. Èyí tí ń lo mẹ́rin ń fẹ́ 6. Ẹni tí ó fún rédíò fólìtì 3 ní 12 ti fún un ní ìlọ́po mẹ́rin oúnjẹ rẹ̀.

Àwọn kan a máa so wáyà mọ́ yàrá mẹ́ta péré nínú bátìrì, kí wọn lè rí fólìtì 6. Èyí kò dára. Yàrá mẹ́ta wọ̀nyí yóò gbẹ ṣáájú àwọn yòókù, bátìrì náà kò sì ní pẹ́ bàjẹ́.

Èkejì: Ohun Tí Ń Dín Iná Kù

Ohun tí ó yẹ kí a lò ni ádápítọ̀, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ fólìtì 12 di èyí tí rédíò ń fẹ́. Bí rédíò yín bá ní ihò USB, ẹ ra ádápítọ̀ tí à ń kì bọ ihò ìtanná sìgá inú ọkọ̀. Fólìtì 5 ni í mú jáde. Bí ihò mìíràn ni rédíò náà ní, ẹ ka iye fólìtì tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì wo àwòrán kékeré tí ń fi hàn bóyá àárín ni (+) wà tàbí ẹ̀gbẹ́.

Ẹ̀kẹta: Síso Wáyà

Wáyà pupa ni kí ẹ so mọ́ orí bátìrì tí ó ní àmì (+), kí ẹ sì so dúdú mọ́ (−). Ẹni tí ó bá ṣì wọ́n so lè ba rédíò jẹ́.

Ẹ fi fíùsì áńpíà 2 sí ara wáyà pupa, nítòsí orí bátìrì. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ́ bí wáyà bá kan ara wọn, ọ̀nà iná yóò sì dí kí wáyà tó gbóná. Bí ó bá jó, ẹ wá ohun tí ó fà á, kí ẹ tó fi irú rẹ̀ rọ́pò. Ẹ má ṣe fi bébà fàdákà inú páálí sìgá dí i.

Ẹ̀kẹrin: Ṣíṣáájì Bátìrì Inú Rédíò

Bátìrì tọ́ọ̀ṣì lásán kò ṣe é ṣáájì. Ó lè jò tàbí kí ó bẹ́. Èyí tí a ṣe fún ṣíṣáájì sábà máa ń ní fólìtì 1.2 lára. Ti lítíọ́mù, tí í jẹ́ fólìtì 3.7, kò gbọdọ̀ kọjá 4.2 nígbà tí a bá ń ṣáájì rẹ̀, nítorí pé ó lè gbiná. Nípa bẹ́ẹ̀, ihò ṣíṣáájì ti rédíò náà nìkan ni kí ẹ gbà; ẹ má ṣe so bátìrì lítíọ́mù mọ́ bátìrì ọkọ̀ láé.

Ẹ̀karùn-ún: Ìtọ́jú Bátìrì Ọkọ̀

Òjé àti ásíìdì ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá ń ṣáájì rẹ̀, afẹ́fẹ́ haidirójìn a máa jáde, iná sìgá tàbí àtùpà sì lè mú un bú gbàmù. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí ẹ gbé e sí, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó o. Bí ásíìdì bá ta sí ojú, ẹ máa da omi mímọ́ sí i fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹ̀kẹfà: Yóò Ti Pẹ́ Tó?

Ní 1947 ni wọ́n ṣe àwárí tiransísítọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 1954 ni rédíò àmúlọ́wọ́ tí ń lò ó sì kọ́kọ́ dé ọjà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni iná díẹ̀ ti tó rédíò kékeré. Ká ní a kọ 60 Ah sí ara bátìrì kan, tí ó sì ṣì lágbára. Ẹ má ṣe lò ju ìdajì lọ, èyí ni 30, nítorí pé bátìrì ọkọ̀ tí a ń lò gbẹ kì í pẹ́ kú. Bí rédíò bá ń gba áńpíà 0.1, ẹ fi 0.1 pín 30: wákàtí 300 ni. Ẹni tí ń gbọ́ ọ fún wákàtí 5 lójúmọ́ yóò lò ó tó ọjọ́ 60. Ádápítọ̀ pàápàá ń jẹ díẹ̀ nínú iná náà, nítorí náà ẹ yọ ọ́ bí ẹ kò bá gbọ́ rédíò mọ́. Nígbà tí mítà bá fi fólìtì 12.2 hàn, bátìrì náà ti dé ìdajì. Ẹ gbé e lọ fún ṣíṣáájì.

Ìbéèrè fún Ilé Ìkàwé

1. Rédíò tí ń lo bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ń fẹ́ fólìtì mélòó?
2. Kí ni iṣẹ́ fíùsì, èé sì ti ṣe tí ó fi yẹ kí ó wà nítòsí bátìrì?
3. Bí rédíò bá ń gba áńpíà 0.2, wákàtí mélòó ni bátìrì 60 Ah yóò fi gbé e kí ó tó dé ìdajì?

Kí ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn kọ́ ẹnìkejì rẹ̀, kí ó tó fi ọwọ́ kan wáyà.