Ẹ̀KỌ́: OORE TÍ BÀBÁ ISAAC FADOYEBO KÒ GBÀGBÉ

Bíbélì kíkà: Lúùkù 10:25–37

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin arábìnrin wa ọ̀wọ́n, ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní lọ́dọọdún ni orílẹ̀-èdè wa máa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní bàbá tàbí bàbá àgbà tí ó lọ sí ogun Hítílà. A gbọ́ pé wọ́n dé Bọ́mà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló mọ ohun tí ojú wọn rí níbẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó wo ìgbésí ayé ọ̀kan nínú wọn, Olóògbé Isaac Fadoyebo, kí a lè kọ́ bí ó ti yẹ kí á máa rántí oore.

1. Ọmọdé tó lọ sógun

Ní ọdún 1925 ni a bí i ní Emure-Ile, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní 1942, láì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n fi í sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ó bá àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Íńdíà, wọ́n sì kọjá sí Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáànù jà.

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọ̀tá ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ọ̀pọ̀ ló kú. Ìbọn fọ́ egungun itan Isaac, kò lè dìde mọ́. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, tí òun náà fara gbọgbẹ́, ni ó kù nínú igbó.

2. Ta ni aládùúgbò wọn?

Àgbẹ̀ kan ní abúlé ibẹ̀, Mùsùlùmí ni, Shuyiman ni orúkọ rẹ̀. Kò bá wọn tan, èdè wọn kò sì dọ́gba. Síbẹ̀ ó ń gbé oúnjẹ àti omi wá fún wọn. Nígbà tí ó yá, ó gbé wọn wọ ilé ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí àwọn ará Jàpáànù bá gbọ́, òun àti ará ilé òun ni yóò fi ẹ̀mí dí i. Bí oṣù mẹ́sàn-án ni èyí gbà, títí àwọn ọmọ ogun ìhà tiwọn fi dé ní oṣù kejìlá ọdún náà.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé Shuyiman ní aya àti ọmọ. Kò sí bí a ṣe lè gba ènìyàn méjì pamọ́ sínú ilé kí ìyàwó ilé má mọ̀ sí i. Ìkòkò ọbẹ̀ obìnrin náà wà nínú oore yìí.

3. Ọkọ àti bàbá tí kò gbàgbé

Isaac padà sílé ní 1945. Ó ń tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó gbéyàwó, ó sì tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Kò fi ìtàn náà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó kọ ọ́ sílẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999.

Ní 2011, oníròyìn kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó sì wá ilé Shuyiman kàn ní Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, lẹ́yìn ọdún 67. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 2012, Bàbá Fadoyebo náà sùn. Bí lẹ́tà náà bá pẹ́ díẹ̀ sí i, kì bá má sí ẹni tí yóò kọ ọ́. Ní 2017, ó lé ní 700,000 nínú ẹ̀yà Shuyiman, àwọn Rohingya, tí a lé kúrò ní agbègbè kan náà lọ sí Bangladesh.

4. Ohun tí a rí kọ́

(a) Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ jẹ́ kí á dúpẹ́ nígbà tí etí tí yóò gbọ́ ọ ṣì wà.

(b) Ọ̀pọ̀ àgbà ni kò ní sọ ìtàn ara wọn bí a kò bá bi wọ́n. Ìsìnkú ti pẹ́ jù fún ìbéèrè.

(d) Nínú agbo ilé wa, Mùsùlùmí àti Kristẹni ń jọ gbé. Ẹni tí ó ṣàánú ni aládùúgbò, gẹ́gẹ́ bí Jésù ti kọ́ wa.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ta ni ó ṣe wá lóore tí àwọn ọmọ wa kò mọ orúkọ rẹ̀?
2. Bí a bá wà ní ipò ìyàwó Shuyiman, kí ni à bá ṣe?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó dé, kí oníkálùkù wa jókòó ti àgbàlagbà kan nínú ẹbí, kí á bi í ní ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, kí á sì kọ ọ́ sínú ìwé.