Ta Ló So Ìlẹ̀kẹ̀ Mọ́ Ọ Nídìí?

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn "wọ̀", ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. A ń gbọ́ pé ẹnì kan wọ fìlà, ó wọ gèlè, ó wọ ìlẹ̀kẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo gbogbo ẹ̀ṣọ́ ara mọ́lẹ̀. Fìlà là ń dé, gèlè là ń wé, ìró là ń ró, bàǹtẹ́ là ń sán, tìróò là ń lé, osùn là ń kùn. Bàtà là ń bọ̀, ibẹ̀ sì gba ìṣọ́ra, nítorí ẹni tó bọ bàtà fẹ́ jáde, ẹni tó bọ́ bàtà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé. Àmì ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ti ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò, pàápàá ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, tí àwọn kan ń pè ní bèbè, tí àwọn mìíràn mọ̀ sí jìgìdá. Nínú gbogbo ohun tí obìnrin fi ń ṣe ara lóge, n kò mọ èyí tí ìfẹ́ hàn nínú rẹ̀ tó o. Abẹ́ aṣọ ló ń wà, ẹni tó súnmọ́ni ló ń rí i, síbẹ̀ kò sí ìyá tó ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Kó tó dé ìdí ẹnikẹ́ni, a ní láti sín in. Sín, pẹ̀lú àmì òkè. Ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ń ki okùn bọ ihò ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gùn tó bó ṣe fẹ́. Bí òǹkọ̀wé bá fo àmì yẹn, "sin ìlẹ̀kẹ̀" ló kọ yẹn, òǹkàwé yóò sì máa rò ó bóyá ńṣe ni wọ́n sin ín bí òkú tàbí wọ́n ń sìn ín bí òrìṣà.

Ẹ wo ìyá àgbà tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tó da ìlẹ̀kẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ. Ó ṣa pupa márùn-ún, ó fi funfun kan tẹ̀ lé e, ó tún ṣa pupa. Nígbà tó yá, ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀: "Yétúndé, ìyá mi, wá kí n wọ̀n ọ́ wò." Ó yí okùn náà ká ìdí ọmọ, ó ki ìka méjì sí àárín okùn àti ara kó má baà fún un jù, ó ta á ní kókó, ó sì fi iná ìṣáná jó etí okùn ọ̀rá náà kó má baà tú.

Kí la ó pe ohun tí ìyá àgbà ṣe yìí? Ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọmọ nídìí. A sì lè sọ pé ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ọmọ nídìí. Nínú gbólóhùn méjèèjì, ẹni méjì ló wà níbẹ̀: ẹni tó so ó, àti ẹni tí a so ó mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní "Yétúndé wọ ìlẹ̀kẹ̀", ìyá àgbà ti pòórá. Ẹyọ tó fi ojú àgbà ṣà, ìka méjì tó fi wọn ìdí ọmọ, kò sí èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ ọwọ́ kì í ṣe fún oge nìkan. Bí okùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ, ìyá mọ̀ pé ara ọmọ ń dá, á tú u, á sì fi kún un. Bó bá ń yọ̀ sílẹ̀, ìyá á fura.

Òwe náà mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó lò: "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn." "Fi sí" ni àwọn àgbà wí. Bó ti wù kí ìdí ọmọ ẹni rí, tiẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ tọ́ sí. Àwọn kan ń pa òwe yìí bí ẹni pé ẹwà ìdí ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Ọwọ́ òbí ló dá lé. Bákan náà ni ní Cuba, níbi tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Títí di òní, "eleke" ni àwọn Lucumí, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ibẹ̀, ń pe ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà, ẹni tó ń tọ́ ọmọ sọ́nà nínú ẹ̀sìn ló sì ń fi í sí ọmọ náà lọ́rùn. Gbígbà ni wọ́n ń gbà á.

Nígbà tí aburú bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Aṣọ ní í ya, àwo ní í fọ́, okùn ní í já. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá já, okùn ló já, a óò ṣa ẹyọ jọ, a óò tún un sín. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá fọ́, ẹyọ gan-an ló lọ. Òǹkọ̀wé tó bá ní ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó "bàjẹ́" kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Láti ara jíjá ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ ò já sílé, ìlẹ̀kẹ̀ ò já síta, ibì kan ṣá ni yóò já sí. Àfẹ́sọ́nà tí kò sọ pé òun ń bọ̀, tí kò sì sọ pé òun ò wá mọ́, òun ni òwe yìí ń bá wí.

Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀: iyùn pupa, lágídígba dúdú tí wọ́n ń fi èèpo èkùrọ́ ṣe, àti sẹ̀gi aláwọ̀ aró. Ẹni tó bá rò pé Òyìnbó ló kó gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ dígí wá bá wa, kó lọ ka ohun tí ikọ̀ awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá tẹ̀ jáde ní 2017 nípa Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí wọ́n hú níbẹ̀ lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Abájọ tí sẹ̀gi, tó jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ dígí, fi wọ inú orúkọ. Sẹ̀gilọlá ni orúkọ obìnrin tí òǹkọ̀wé I. B. Thomas kọ ìtàn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930. S ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, kì í ṣe Ṣ.

Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ìlẹ̀kẹ̀, tó sì fi í sídìí fúnra rẹ̀, kò jẹ̀bi bó bá ní òun lo ìlẹ̀kẹ̀. "Lo" ti pẹ́ lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n èyí tí ìyá sín, tàbí tí ọkọ rà wálé, ẹ jẹ́ kí ẹni náà wà nínú gbólóhùn yín. Bí ìyá yín bá ṣì wà láyé, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ni wọ́n ń pe ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlú yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.