Iná Ìdáná àti Ọmọ Ọlọ́mọ: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Bá Wọn Tọ́jú Ọmọ Nílé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí àwọn ọlọ́jà ń já ọmọ sílẹ̀ fún láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sí Bódìjà tàbí Ọjà Ọba, ẹ fetí sí mi. Iṣẹ́ ńlá lẹ ń ṣe. Ìyá tó gbé ọmọ ọdún méjì fún yín ti gbé ohun tó ní jù lọ fún yín. Gáàsì ti wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ nínú yín lọ, igi lẹ padà sí, n kò sì wá bá yín wí lórí ìyẹn. Igi ni àwọn ìyá wa fi dáná tọ́ wa. Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín ni pé ojú nìkan ò tó láti fi ṣọ́ ọmọ nídìí iná. Fóònù á dún, aládùúgbò á kí yín láti ẹ̀yìnkùlé, ọmọ mìíràn á ké, ojú yín á sì kúrò. Ètò tí ẹ bá ti ṣe sílẹ̀ ni yóò dáàbò bo ọmọ ní ìṣẹ́jú yẹn.

1. Ẹni tó ń dáná kì í ṣọ́ ọmọ, ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ kì í dáná. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lẹ máa gbà nínú ọ̀rọ̀ mi, èyí ni kí ẹ gbà. Bí ẹ bá dá wà nílé, ẹ dáná kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé. Ẹ̀wà tó ń pẹ́ lórí iná, alẹ́ àná ni kí ẹ ti sè é. Ẹ da ẹ̀kọ gbígbóná sínú fúláàsìkì, ẹ bu ìrẹsì sínú kúlà, ẹ da omi sí iná. Bí ọmọ bá pọ̀ débi pé ẹ gbọ́dọ̀ dáná lọ́sàn-án, ẹ wá àgbàlagbà kejì. Ọmọdébìnrin ọdún mẹ́jọ kì í ṣe àgbàlagbà kejì, bó ti wù kó gbọ́n tó. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí mo ti rí i nílé tó pọ̀: ọmọ tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọmọ.

2. Ẹ gbé ààrò kúrò lójú ọ̀nà ọmọ, ẹ sì ṣe ọgbà yí i ká. Ẹ̀yìnkùlé ló dára, níbi tí atẹ́gùn kò ti ní máa gbá iná sára ilé. Búlọ́ọ̀kù ló dára jù fún ọgbà náà nítorí kì í jó. Kó ga dé ìbàdí àgbàlagbà, kó jìnnà sí iná ju mítà 1 lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ìkọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Àwọn kan máa ń fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ pé kí ọmọ má kọjá ibẹ̀. Ìlà wúlò fún ọmọ ọdún márùn-ún tó ti ń gbọ́ràn. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ kò mọ ìlà.

3. Ẹ bẹ̀rù omi gbígbóná ju ọwọ́ iná lọ. Láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, omi, ọbẹ̀ àti ẹ̀kọ gbígbóná ló ń bó wọn lára jù. Awọ wọn fẹ́lẹ́. Omi tó gbóná dé ìwọ̀n Celsius 60 lè bó ọmọ jinlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, èyí tó ń hó nínú ìkòkò yín sì ti dé 100. Kódà, ife tíì tí ẹ pò ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sẹ́yìn ṣì lè bó o.

Nítorí náà, ẹ wo òkúta ààrò yín dáadáa: kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, kí ìkòkò má máa mì. Ẹ máa ti igi wọnú bó ṣe ń jó, kí ìdí rẹ̀ má yọ síta, nítorí ọmọ tó ń sáré á kọsẹ̀ lára igi náà, ìkòkò á sì dà lé e. Ìkòkò tí ẹ bá sọ̀, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ tó ń rá kòrò máa ń di ohunkóhun mú láti dìde. Orí tábìlì ni kí ẹ gbé e sí, kí tábìlì náà má sì ní aṣọ tí ọmọ lè fà. Bí ẹ bá ń po omi ìwẹ̀, omi tútù ni kó kọ́kọ́ wọ inú báásíìnì, kí gbígbóná tó tẹ̀lé e, kí ẹ sì fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò.

Ẹ jẹ́ n fi ti ọmọ pípọ̀n kún un. Gbogbo wa la pọn ọmọ dáná, mo mọ̀, ẹkún rẹ̀ ni kì í jẹ́ ká rọ́gbọ́n dá. Síbẹ̀, kí obìnrin pọn ọmọ kó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ààrò láti ro àmàlà, n kò fara mọ́ ọn. Ọmọ á na ọwọ́ láti abẹ́ apá, èéfín á máa wọ imú rẹ̀ tààrà, epo tó ta á bà á lójú, etí ìró yín sì lè gbá ẹ̀yinná mọ́ra láìfura. Bó bá ń ké, ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹ rẹ̀ ẹ́ ná. Oúnjẹ á dúró.

4. Èéfín náà ń pa ọmọ, àmọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń ṣe tirẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èéfín inú ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ewu òtútù àyà di ìlọ́po méjì fún ọmọ wẹ́wẹ́. Igi gbígbẹ ni kí ẹ máa rà, torí tútù ló ń ru èéfín jù. Bí òjò bá dé tàbí ọyẹ́ bá mú, ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ yàrá tí ọmọ ń sùn. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó ń sùn kì í mọ̀ tó fi ń pa á.

5. Kẹrosíìnì tí ẹ fi ń ran iná kò gbọ́dọ̀ wọ inú ike omi mímu láé. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ó rí ike omi, ó gbé e mu. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Bó bá ń bì í padà, inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń gbà lọ, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń ṣe ìjàǹbá tó burú jù. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ike náà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má bu kẹrosíìnì sí iná tó ti ń jó tàbí ẹ̀yinná tó ṣì pọ́n. Lọ́dún 2001, kẹrosíìnì tí wọ́n lú bú gbàù mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ní ìlú Benin. Ojú lásán kò lè fi èyí tí wọ́n lú hàn yín.

6. Eérú máa ń tan ni. Lókè ó tutù, nísàlẹ̀ ẹ̀yinná lè wà láàyè di ọjọ́ kejì. Ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, ẹ tún da omi sí i. Ẹ má dà á síbi tí ọmọ ti ń fi ẹsẹ̀ lásán ṣeré.

7. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní, “Jẹ́ kí iná jó o díẹ̀, á gbọ́n.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà. Ọmọ ọdún kan kì í fi ìrora àná ṣèrò fún tòní, àpá ọwọ́ sì lè ká a ní ìka kò títí ayé. Ẹ máa sọ fún un pé ó gbóná. Èyí tó ti dàgbà díẹ̀, ẹ kọ́ ọ pé bí iná bá mú aṣọ rẹ̀, kó má sáré; kó dúró, kó dùbúlẹ̀, kó máa yí gbirigbiri. Ẹ kọ́ ọ bí eré, lọ́pọ̀ ìgbà, kó lè mọ́ ọn lára.

8. Bí iná tàbí omi gbígbóná bá kan ọmọ, omi tútù tó mọ́ ni àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ké “Yéè!” Ẹ máa dà á sójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 gbáko. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ máa fi ife bu láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ìdí nìyẹn tí kẹ́ẹ̀gì omi kan fi gbọ́dọ̀ wà ní kíkún lẹ́bàá ààrò nígbà gbogbo. Ẹ bọ́ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kí ibẹ̀ tó wú, àmọ́ èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo ìyókù ara rẹ̀ kí òtútù má mú un.

Ẹ má fi ẹyin tútù sí i. Ẹ má fi epo pupa, ògì, iyọ̀, oyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ má fi omi dídì sí i. Ẹ má bẹ́ ìléròrò. Mo mọ̀ pé ìyá ẹlòmíràn máa bínú pé ẹ kò fi nǹkan kan pa á lára. Ẹ jẹ́ kó bínú. Dókítà ló máa ha gbogbo ohun tí ẹ bá kùn ún kúrò, ìrora ọmọ náà ló sì máa jẹ́. Ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ bo ibẹ̀ fẹ́rẹ́. Bó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ, tàbí ó wà lójú, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, ní oríkèé tàbí lójú ara, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ kọ 112 àti nọ́ńbà ọlọ́kọ̀ kan tó wà ládùúgbò sára ògiri.

9. Ẹ pe ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìka kan ló kàn. Ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìyá tuntun tó bá sì mú ọmọ wá, ẹ mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé kó fojú ara rẹ̀ rí ààrò kó tó gbé ọmọ sílẹ̀. Bó bá ní ọgbà náà kò ga tó, ẹ pe bíríkìlà.