Bí Oníbàárà Bá Ní Ọjà Wa Kò Pé

Ní ọjà Mile 12, bí ẹ bá ra tòmátì apẹ̀rẹ̀ kan, ojú yín ni wọn yóò ṣe dà á sínú àpò yín. Bí kò bá kún, ẹ ó sọ lójú ẹsẹ̀. Ìyá alátà yóò bù kún un, bí inú rẹ̀ bá sì dùn, yóò fi èènì lé e. Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀.

Ọjà orí fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán ni oníbàárà rí. Owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé e wá kò mọ ohun tó wà nínú páálí. Bí nǹkan kan bá dín, ọwọ́ ta ni yóò ti béèrè? Ọwọ́ yín ni, ẹ̀yin tí ẹ tà á.

Ọdún 2012 ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ sí í tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ní Kétu àti Ìkòsì ni kò ní ṣọ́ọ̀bù kankan. WhatsApp ni wọ́n fi ń pàtẹ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní obìnrin kan ní Kétu ń ta bilẹ́ńdà. Ó ta ọ̀kan fún oníbàárà kan ní Ìkòròdú, ní 38,000 náírà. Ife méjì ló wà nínú àwòrán tí ó gbé jáde: ife ńlá tí a fi ń lọ ata tútù, àti ife kékeré tí a fi ń lọ ohun gbígbẹ. Nígbà tí ẹrù dé, oníbàárà kọ̀wé báyìí:

“Ẹ káàsán mà. Bilẹ́ńdà ti dé, ṣùgbọ́n ife kékeré ò sí níbẹ̀. Torí ife yẹn ni mo ṣe rà á, ẹ̀gúsí lílọ̀ ni mo ń tà. Báwo la ṣe máa ṣe é?”

Ẹ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ ohun tó dín, ó sì sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún. Láìsí ife yẹn, kò lè ṣe òwò rẹ̀ lọ́la. Irú oníbàárà báyìí ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ ni yóò fi èébú bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ èsì kan náà ló yẹ àwọn méjèèjì.

Ọlọ́jà mìíràn á dáhùn pé, “Ó pé nígbà tó kúrò lọ́wọ́ mi o!” Òmíràn á dákẹ́, á sì fi fóònù pamọ́ bíi pé kò rí i. Lójú tèmi, ìdákẹ́ ló burú jù. Ẹni tí a bá ń jiyàn lè ṣì máa retí pé ọ̀rọ̀ á yanjú. Ẹni tí a bá dákẹ́ sí yóò gbà pé olè ni wá, yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá mọ̀.

Èsì tó dára rèé:

“Ẹ káàsán mà. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè sọ fún mi, ẹ má bínú sí i. Ife méjì ló wà nínú àwòrán mi, nítorí náà ife méjì ni mo tà fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya àwòrán gbogbo ohun tí ẹ bá nínú páálí fún mi. Ẹ bá mi wo abẹ́ fóòmù tó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí wọ́n máa ń ki ife síbẹ̀ nígbà míràn. Èmi náà ń wo inú ẹrù mi lọ́wọ́. Màá pè yín kí aago mẹ́rin tó lù.”

Kò sọ pé oníbàárà ń parọ́. Kò sì tíì ṣèlérí owó kankan, nítorí kò tíì mọ ibi tí ife wà. Àmọ́ ó ti dá aago mẹ́rin. Kó má ṣe di aago márùn-ún.

Bí a bá wá rí i pé ife kò sí lóòótọ́ ńkọ́? Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè fi ife ránṣẹ́. Ẹ lè dá díẹ̀ padà nínú owó, bí oníbàárà bá gbà bẹ́ẹ̀. Tàbí kí ẹ gba bilẹ́ńdà padà, kí ẹ dá gbogbo owó padà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní èrè yín jẹ́ 5,000 náírà, owó ọlọ́kadà láti Kétu dé Ìkòròdú sì jẹ́ 3,000. Bí ife bá wà nílé yín, tí ẹ fi ránṣẹ́, 2,000 ṣì kù nínú èrè. Bí ẹ bá ní láti ra ife ní 6,000, ẹ ó pàdánù 4,000. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ọjà padà, ẹ ó san owó ọlọ́kadà, ẹ kò ní jèrè kankan, bilẹ́ńdà aláìpé yóò sì wà lọ́rùn yín. Ta ni yóò rà á? Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ife lọ̀ ọ́. Bí ọlọ́kadà ló sọ ife nù lójú ọ̀nà, ẹ̀yin àti ọlọ́kadà lẹ jọ máa yanjú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pè é. Kò kan oníbàárà.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti pẹ́. Òfin ọjà títà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1893, tí ó wọ ilẹ̀ wa láyé ìjọba òyìnbó, sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe tí a fi tà á mu. Ó tún sọ pé bí iye tó dé bá dín sí iye tí a jọ dá, olùrà lè kọ̀ ọ́. Bí ó bá sì gbà á, yóò san owó ìwọ̀nba tó gbà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà fi ẹ̀tọ́ dídá ọjà padà kún un. Nítorí náà, “A kì í gba ọjà padà” tí ẹlòmíràn ń kọ sábẹ́ àwòrán kò lè gba ẹni tó ta ọjà aláìpé sílẹ̀. Oníbàárà lè mú ẹjọ́ lọ bá àjọ FCCPC, tàbí LASCOPA ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó.

Àwọn oníbàárà tó ń fi nǹkan pamọ́ wà pẹ̀lú, a kì í purọ́. Ohun tó ń gba ọlọ́jà lọ́wọ́ wọn ni ìwé àti àwòrán. Kí ẹrù tó kúrò nílé, ẹ ṣí páálí, ẹ to gbogbo ohun inú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ yà á ní fótò. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé péńpé: “Bilẹ́ńdà 1, ife ńlá 1, ife kékeré 1, ìdérí 2.” Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sínú páálí, kí ẹ tọ́jú èkejì. Ẹ sọ fún oníbàárà pé kí ó fi wé ọjà lójú ọlọ́kadà.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Oníbàárà kan kọ̀wé sí yín pé, “Ṣíbí 12 ni mo sanwó rẹ̀, 6,000 náírà. 10 ló dé. Mo fẹ́ mú 10 náà.” Ẹ kọ èsì sí i. Èló ni ẹ óò dá padà fún un?