Apoògùn Tuntun, Má Yá Oníṣòwò ní Ìwé Àṣẹ Rẹ

LẸ́TÀ

Ẹ̀gbọ́n wa,

Ọmọ Adó-Èkìtì ni mí, ọmọ ọdún 27. Iṣẹ́ apoògùn ni mo kọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Mo ti búra níwájú PCN, àjọ tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ apoògùn, mo fi ọdún kan ṣe íntàn nílé ìwòsàn ìjọba, mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo sì ti gba ìwé ẹ̀rí. Láti ìgbà náà, ilé àwọn òbí mi ní Ajílósùn ni mo wà.

Mo ti fi ìwé sílẹ̀ láwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Adó àti Ìdó. "Ẹ ṣì máa retí wa" ni wọ́n ń sọ. Ilé oògùn aládàáni kan ní Adó ṣetán láti gbà mí, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fẹ́ máa san kò tó èyí tí mo ń gbà nígbà tí mo jẹ́ íntàn. Ọkùnrin oníṣòwò kan ní Ìkẹ́rẹ́ wá ní òun fẹ́ ṣí ilé oògùn, kí n yá òun ní ìwé àṣẹ mi kí òun gbé e kọ́ sára ògiri. Yóò máa sanwó fún mi lọ́dọọdún, n kò sì ní láti yọjú síbẹ̀ àfi tí àwọn olùbẹ̀wò bá ń bọ̀. Bàbá mi ní owó kì í kéré ká dà á nù. Àwọn tí a jọ jáde sọ pé gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Manchester ní kí n gbàgbé gbogbo rẹ̀, kí n jápa.

Màmá mi ti sọ fún gbogbo ìjọ pé apoògùn ni ọmọ òun. Ojú ń tì mí láti bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé iṣẹ́ ṣì wà fún apoògùn tuntun ní Èkìtì?

Èmi ni tiyín,
Ìwé Wà Iṣẹ́ Ò Sí, Adó-Èkìtì.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò gba àròjinlẹ̀: má gba owó ọkùnrin Ìkẹ́rẹ́ yẹn. Lẹ́yìn náà la ó wá sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ìwọ náà mọ orúkọ tí ẹ̀yin apoògùn ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ láàárín ara yín: "register and go". Òfin kò fàyè gbà á. Ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lára ògiri ni òfin mọ̀ sí alábòójútó ilé oògùn náà. Bí ọmọ tí wọ́n gbà sídìí káńtà bá gbé oògùn tí kò yẹ fún aláboyún, orúkọ rẹ ni yóò jáde. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe omi oògùn ikọ́ tó ní kodéìnì àti kíkó o wọlé, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń tà á lábẹ́lẹ̀, tramadol náà ò sì gbẹ́yìn. Tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá bá a nínú ilé tí orúkọ rẹ wà, kí lo fẹ́ sọ? Pé o kò sí níbẹ̀? Àìsí níbẹ̀ rẹ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ìdí kejì ni ọ̀pọ̀ yín kì í rò. O ní owó tí ilé oògùn Adó fẹ́ san kéré. Ta ló mú un kéré? Oníṣòwò tó lè fi owó díẹ̀ yá ìwé àṣẹ fún ọdún gbáko, tó sì lè kó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì sídìí káńtà, kí ló fẹ́ fi apoògùn tí yóò jókòó láti àárọ̀ di alẹ́ ṣe? Ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá yá wọn, iṣẹ́ apoògùn kan ló parẹ́. Ẹni tó ń san owó oṣù fún apoògùn gidi wá ń bá ẹni tí kò san nǹkan kan du oníbàárà, òun náà á sì máa wá ibi tí yóò ti dín owó kù. Nítorí náà, àwọn tó sọ fún ọ pé gbogbo ayé ló ń ṣe é, àwọn ló ń já owó oṣù rẹ wálẹ̀. Tìrẹ náà, tí o bá gbà, ẹlòmíràn tó ń jáde ní Ifẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n má bá ọkùnrin náà jà. Kí ilé oògùn rẹ̀ tó lè ṣí, PCN gbọ́dọ̀ yẹ ibẹ̀ wò, kò sì lè rí ìwé gbà láìní apoògùn. Ó nílò rẹ ju bó ṣe ń sọ lọ. Padà tọ̀ ọ́ lọ, kí o sọ fún un pé ìwọ àti ìwé àṣẹ rẹ lẹ jọ ń bọ̀. Ìwọ ni yóò máa ra ọjà, ìwọ ni yóò máa wo ọjọ́ tí oògùn fẹ́ bàjẹ́, ìwọ ni yóò kọ́ àwọn ọmọ tó ń tajà, ìwọ ni yóò máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bèèrè owó oṣù, kí o sì bèèrè ìpín nínú èrè bí ọdún bá parí. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà sí Adó. O lè máa ti ilé lọ kí o sì máa bọ̀. Bó bá kọ̀, o ti mọ̀ pé kì í ṣe apoògùn ló ń wá.

Ó wá ku iṣẹ́ gan-an. Ọ̀nà kan ò wọjà, jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò.

Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kò parọ́ fún ọ tí wọ́n ní kí o máa retí. Kò sí ọ̀gá ilé ìwòsàn tó lè dédé gba èèyàn síṣẹ́ bí àṣẹ kò bá ti òkè wá, bí apoògùn mélòó tilẹ̀ jápa níbẹ̀. Wo ohun kan tí ìwọ fúnra rẹ fojú rí: ọdọọdún ni àwọn íntàn tuntun ń wọlé, àwọn ló ń ru púpọ̀ nínú ẹrù iṣẹ́, tí ọdún bá pé wọ́n á lọ, òmíràn á dé. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi ń lọ láìsí pé wọ́n gba ẹnikẹ́ni. Nítorí náà jẹ́ kí ìwé rẹ ṣì wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì (EKSUTH) ní Adó àti ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, ṣùgbọ́n má jókòó tì í. Kọ̀wé sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá pẹ̀lú, ní ọ̀nà Ìjan. Ilé ìwòsàn oníbẹ́ẹ̀dì 400 ni, kò sì dúró de àṣẹ ìjọba kó tó gba èèyàn. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá polówó iṣẹ́ fún àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀, má sọ pé Adó nìkan lo fẹ́. Ẹni tó bá gbà láti lọ sí Ẹ̀fọ̀n tàbí Ọ̀mùò kì í bá èrò púpọ̀ pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí o mú owó wá kí òun bá ọ wá ààyè, sá fún un.

Iṣẹ́ olùkọ́ náà wà, bí èsì ìdánwò rẹ bá dára. Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ apoògùn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ètò ìlera ní Ìjerò ń kọ́ àwọn tí yóò máa ran apoògùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n oyè kejì ni ẹni tó bá fẹ́ dúró nídìí iṣẹ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ lépa.

Àwọn iléeṣẹ́ oògùn ńkọ́? Nígbà kan, iṣẹ́ tí gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń sá tẹ̀ lé ni pé kí iléeṣẹ́ òkèèrè fún yín ní mọ́tò kí ẹ máa polówó oògùn fún àwọn dókítà. Ìyẹn ti dínkù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni GSK kéde pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Kí ọdún náà tó parí, Sanofi náà ní alágbàtà ni yóò máa bá òun ta oògùn. Náírà tó já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún náà ló wà lára ohun tó fà á, òun náà ló sì mú kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́n débi tí àwọn àgbà fi ń gé kóró kan sí méjì. Ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ tiwa kò lọ. Bond Chemical wà ní Awẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Fidson àti May & Baker wà ní apá ìpínlẹ̀ Ògùn, bẹ́ẹ̀ ni ti Emzor. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ fọwọ́ sí àṣẹ tó yọ owó orí ibodè kúrò lórí àwọn èròjà tí wọ́n fi ń ṣe oògùn nílé. Bí o bá lè sọ̀rọ̀, bí o bá lè wakọ̀, tí o kò sì bẹ̀rù kí ọ̀gá máa bi ọ́ léèrè iye tí o tà lóṣù yìí, kọ̀wé sí wọn, kí o sọ fún wọn pé o mọ ọ̀nà Èkìtì àti Oǹdó dáadáa.

Ibi tí mo fẹ́ kí o wò jù lọ ni ilé oògùn Adó tí owó rẹ̀ kéré yẹn. Kí o tó kọ̀ ọ́, béèrè ohun méjì: ṣé apoògùn ni ẹni tó ni ín, ṣé ó sì máa ń dúró nídìí káńtà fúnra rẹ̀? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, gbà á fún ọdún kan, kí o sì kọ́ ohun tí wọn kò kọ́ ọ ní Ifẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC ti àwọn ọjà oògùn ńlá ní Ìdúmọ̀tà, Aba àti Onitsha pa fún ìgbà kan nítorí ayédèrú oògùn. Nígbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, apoògùn tó mọ ibi tó ti ń ra ojúlówó kì í pa ilẹ̀kùn dé. Bí a ṣe ń mọ alágbàtà gidi, bí a ṣe ń fi owó kékeré ra ọjà tó ń yá, ìgbà tí a ń tà láwìn àti ẹni tí a kì í tà á láwìn fún: ìdí káńtà la ti ń kọ́ gbogbo rẹ̀. Tí wọn kò bá lè fi kún owó oṣù, ní kí wọ́n fún ọ ní ìdá kan lórí ohun tí o bá mú wọlé ju ti tẹ́lẹ̀.

Láàárín ọdún náà, rìn. Lọ sí Ìwòròkó níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, EKSU, ń gbé. Lọ sí Ìyìn, Ìgèdè, Ìlawẹ̀ àti Ìfàkì. Ka iye ilé oògùn tí o bá rí, kí o wá ka iye tí apoògùn wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀sán. Àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì ni ibi iṣẹ́ rẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kún Èkìtì, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kì í sì í lọ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ra oògùn lọ́wọ́ rẹ lóṣù yìí yóò padà wá lóṣù tó ń bọ̀, bí o bá tọ́jú rẹ̀. Bí owó ìwọ nìkan kò bá tó o, ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ jọ jáde lè da owó pọ̀.

Má sọ pé kò ṣeé ṣe. Ọmọ Adó bíi tìrẹ, tó jáde ní yunifásítì kan náà tí o ti jáde, ni Ọmọọba Julius Adélùsì-Adélúyì. Orúkọ ara rẹ̀ ló gé kúrú tó gbé sára ilé oògùn rẹ̀, Juli, ó sì dúró tì í títí tó fi di iléeṣẹ́ tó wọ ọjà ìpín ìdókòwò. Wọ́n fi í ṣe mínísítà ètò ìlera ní 1993. Stella Okoli náà, ilé oògùn kékeré kan ní Ṣómólú ló fi bẹ̀rẹ̀ Emzor ní 1977.

Ní ti Manchester, n kò ní kí o má lọ. Ṣùgbọ́n bi ọ̀rẹ́ rẹ bóyá iṣẹ́ apoògùn ló ń ṣe níbẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó kàwé nílẹ̀ yìí yóò kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún kan tí wọ́n ń pè ní OSPAP, yóò tún fi ọdún kan kọ́ṣẹ́, kó tó ṣe ìdánwò tí àjọ GPhC fi ń gbà wọ́n wọlé. Owó ilé ìwé ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò FPGEE lo máa kọ́kọ́ ṣe, kí o tó ṣe wákàtí ìkọ́ṣẹ́, kí ìdánwò NAPLEX tó kàn. Ní Kánádà, àjọ PEBC ló ń yẹ yín wò. Ohun kan ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn: àwọn àjọ ìlú òkèèrè máa ń fẹ́ kí PCN jẹ́rìí sí i pé ìwà rẹ mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Tí ilé oògùn Ìkẹ́rẹ́ bá ti kó ọ sí wàhálà, ọ̀nà Manchester náà ti dí nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó àti ìwé rẹ láti ìsinsìnyí, kí o má ṣe jókòó dè é.

Tún ìwé àṣẹ rẹ ṣe lọ́dọọdún, kódà bí o kò bá tíì ríṣẹ́. Máa lọ sí ìpàdé PSN, ẹgbẹ́ àwọn apoògùn, ẹ̀ka Èkìtì. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọn kò polówó rárá, ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lo ti máa gbọ́ ọ.

Fi ohun tí mo sọ nípa owó oṣù yẹn han bàbá rẹ. Má bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá rí ìṣirò yóò gbà.

Kí o sì bá màmá rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tọrọ àyè lọ́wọ́ pásítọ̀, kí o ní kí àwọn àgbà kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò wá lọ́jọ́ Ìsinmi kan, kí o bá wọn yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ìsìn. Ìwọ yóò bá ẹni tó ń lo oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé orúkọ méjì ló wà lára páálí rẹ̀. Ìwọ yóò bá ẹni tó dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí pé ara òun ti yá. Má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń lò àti ọjọ́ tí yóò tán. Ọjọ́ tí o bá ṣílẹ̀kùn ilé oògùn tìrẹ, tàbí tí o bá jókòó sí ti ẹlòmíràn, àwọn ni yóò kọ́kọ́ wọlé.